Omi Tó Ń Ru Ooru Káàkiri Ilé: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ Lórí Hítìn àti Omi Gbígbóná

Kókó ẹ̀kọ́

Bí bọ́ìlà, páǹpù, rédíétọ̀ àti sìlíńdà ṣe ń mú ilé lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí wọ́n sì ń pèsè omi ìwẹ̀ nínú ilé tí à ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn tí a ṣe é fún

Àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, Manchester tàbí ìlú mìíràn níbẹ̀: ayálégbé, onílé, tàbí ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ púlọ́ḿbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bá bọ́ìlà nínú ilé tí a kó sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. A mọ bọ́tìnì tí à ń tẹ̀, a sì mọ iye tí bílì gáàsì ń mú wá lóṣooṣù. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni a kò mọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni owó wa ń gbà lọ, tí òtútù sì ń gbà wọlé tọ àwọn ọmọ wa.

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè:

(a) ṣàlàyé ìdí tí omi inú rédíétọ̀ kì í fi í ṣe omi tí à ń fi wẹ̀;
(b) sọ ohun tí páǹpù ń ṣe àti ohun tí kì í ṣe;
(d) tọ ipa àṣẹ láti ara aago títí dé inú bọ́ìlà;
(e) tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú rédíétọ̀ láì ba nǹkan jẹ́;
(ẹ) mọ iṣẹ́ tó yẹ kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí.

Ohun èlò ìkọ́ni

Kọ́kọ́rọ́ rédíétọ̀, abọ́ kékeré, àkísà, àjákù ọ̀pá bàbà onímìlímítà 15 àti 22, àti páǹpù àlòkù tí a ti tú palẹ̀. Bí ààyè bá wà, kí a ṣe ẹ̀kọ́ náà nínú ilé tí kọ́bọ́ọ̀dù sìlíńdà rẹ̀ ṣeé ṣí, kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan ọ̀pá tó gbóná àti èyí tó tutù.

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá

Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ páǹpù bóòhòòlù nílé, èyí tó ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú táǹkì lókè òpó. Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tètè sọ ìyàtọ̀. Páǹpù bóòhòòlù ń gbé omi ròkè, omi náà kò sì ní padà wá mọ́. Páǹpù inú hítìn kì í gbé omi lọ síbì kankan tí kò ní padà. Òbírípo ni ọ̀nà rẹ̀: ọ̀pá kún fún omi láti òkè délẹ̀, ìwọ̀n tó bá sì gòkè lápá kan ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Ìdí nìyí tí páǹpù kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé fi tó fún ilé alájà mẹ́ta.

1. Ìdí tí a fi ń fi omi ru ooru

Iná kan ṣoṣo ló ń jó, inú bọ́ìlà ló wà. Yàrá márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì ń retí ooru. A nílò ohun tí yóò máa gbé ooru láti ojú iná lọ bá wọn, omi ló sì yẹ iṣẹ́ náà jù. Lítà omi kan ń gba nǹkan bí júùlù 4,200 kí ó tó gbóná sí i ní ìwọ̀n 1°C. Lítà afẹ́fẹ́ kan kò gbà ju júùlù kan lé díẹ̀ lọ. Nínú ààyè kan náà, ooru tí omi lè rù tó ìlọ́po 3,500 ti afẹ́fẹ́. Ọ̀pá onímìlímítà 15, tí kò sanra tó àtàǹpàkò, ti tó láti gbé ooru lọ sí yàrá ńlá kan.

Kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú pátákó. Ká ní ilé kan nílò ooru kílówáàtì 10 ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí yìnyín bo ojú ọ̀nà. Omi kúrò nínú bọ́ìlà ní 70°C, ó yí ilé ká, ó padà dé ní 50°C. Lítà kọ̀ọ̀kan ti fi ìwọ̀n 20 sílẹ̀ nínú yàrá, ìyẹn júùlù 84,000. Kílówáàtì 10 jẹ́ júùlù 10,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí a bá pín in, lítà 7 péré ni páǹpù ní láti ta lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná tí a ṣí dáadáa lè tú ju ìyẹn jáde. Mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, torí pé ó ń lé èrò kan jáde lọ́kàn, pé odò ńlá kan ló ń ṣàn nínú ògiri.

2. Kí páǹpù tó dé

Omi tó gbóná fúyẹ́ ju omi tó tutù. Ní 60°C, lítà omi kan wọn nǹkan bí gíráàmù 983. Ní 80°C, ó wọn 972. Gíráàmù 11 ni ìyàtọ̀ náà. Láyé àtijọ́, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan yẹn nìkan ló ń ti omi yí ilé ká. Èyí tó gbóná á gòkè, èyí tó ti tutù á sọ̀ kalẹ̀ padà sójú iná. Nítorí pé agbára náà kéré, ọ̀pá ní láti sanra, kí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bó ṣe yẹ, kí bọ́ìlà sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Yàrá tó bá jìnnà kì í rí ooru gbà bí ọ̀rọ̀.

Ní 1831, Angier March Perkins gba ìwé-àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ètò ọ̀pá irin tí wọ́n sé pa, tí omi inú rẹ̀ sì gbóná gidigidi lábẹ́ ìfúnpá. Ilé ńláńlá nìyẹn wà fún, kì í ṣe fún òṣìṣẹ́. Ní Dortmund, nílẹ̀ Jámánì, ní 1928, Wilhelm Opländer gbé ẹ̀rọ jáde tí wọ́n ń fi sínú ọ̀pá hítìn láti mú omi yára. Àti ìgbà náà ni ọ̀pá ti lè tín-ín-rín, tí bọ́ìlà sì lè wà níbi tó bá wu ẹni, kódà lókè ju rédíétọ̀ lọ.

Ilé àwọn mẹ̀kúnnù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń dá iná èédú nínú yàrá kan fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó yí i padà ni gáàsì tí wọ́n rí lábẹ́ Òkun Àríwá ní 1965. Láàárín 1967 sí 1977 ni wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti pààrọ̀ ẹ̀rọ kí ó lè lo gáàsì tuntun náà. Hítìn onípáǹpù tí à ń lò lónìí bá ètò yẹn wọlé.

3. Páǹpù fúnra rẹ̀

Ẹ wo èyí tí a tú palẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí mọ́tò ń yí. Omi ń gba àárín abẹ̀bẹ̀ wọlé, abẹ̀bẹ̀ á jù ú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni yóò sì gbà bọ́ sínú ọ̀pá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé omi hítìn ń wọ inú mọ́tò náà gan-an, òun ni kì í jẹ́ kí irin ha irin. Páǹpù tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsí omi yóò bàjẹ́ kíákíá.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé páǹpù kì í dá ooru sílẹ̀. Ẹrù ni ó ń gbé. Bí bọ́ìlà bá gbóná tí páǹpù kò yí, ooru á dúró sójú kan, bọ́ìlà á rí i pé òun fẹ́ gbóná jù, yóò sì pa ara rẹ̀. Ìdí kan náà ni páǹpù kì í fi í dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá kú. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ìlà, ó ṣì ń yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti kó ooru tó ṣẹ́kù sínú bọ́ìlà lọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn tó ti pa hítìn kí ó má bẹ̀rù.

Oṣù kẹwàá ni páǹpù ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóró. Ó ti dúró láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdọ̀tí ti dì mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n tan hítìn, ilé kò sì gbóná. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ara páǹpù, ẹ ó gbọ́ pé ó ń kùn, ó gbóná, ṣùgbọ́n kò yí. Púlọ́ḿbà á pa iná, yóò tú súkúrù ńlá tó wà láàárín ojú páǹpù àtijọ́, yóò sì fi sukudiráfà yí ọ̀pá inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi já. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, ẹ máa tan hítìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

4. Omi méjì tí kì í pàdé

Ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibi yòókù lọ. Nínú ilé tó ní sìlíńdà, ìyẹn àgbá tó ń tọ́jú omi gbígbóná, oríṣi omi méjì ló wà. Èkíní ni omi tó wà nínú bọ́ìlà, páǹpù àti rédíétọ̀. Omi yìí kì í jáde. Òun kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ látọdún dé ọdún, wọ́n sì ti po oògùn mọ́ ọn kí irin má bàa dógùn-ún. Èkejì ni omi mímọ́ tí à ń wẹ̀, tí à ń fọ abọ́, tó máa ń jáde tí a kò sì ní rí i mọ́.

Báwo ni èkíní ṣe ń mú èkejì gbóná láì fara kàn án? Bí ìyá bá fẹ́ mú ọbẹ̀ àná gbóná, tó gbé abọ́ ọbẹ̀ náà sínú ìkòkò omi tó ń hó, ọbẹ̀ á gbóná, omi kò sì ní wọnú rẹ̀. Nínú sìlíńdà, ọ̀pá bàbà tí wọ́n ká bíríkítí ló wà láàárín omi ìwẹ̀. Omi bọ́ìlà ń gba inú ọ̀pá yẹn kọjá, ó ń fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ gba ara bàbà, ó sì ń padà sí bọ́ìlà.

Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ sìlíńdà wọlé, omi gbígbóná ń gba òkè jáde. Wọn kì í tètè dàpọ̀, nítorí pé èyí tó gbóná fúyẹ́, òkè ló ń wà. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, omi tútù láti inú táǹkì òkè àjà ló ń wọlé nísàlẹ̀ tó ń ti èyí tó wà lókè jáde. Ẹ fi ọwọ́ tọ ara sìlíńdà láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ kan bá wẹ̀ tán: ẹ ó mọ ibi tí omi gbígbóná parí sí, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ó ku èyí tó tó fún ẹlòmíràn.

Nínú ilé àtijọ́, táǹkì méjì ló ń wà lókè àjà, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ìdí. Èyí tó tóbi wà fún omi ìwẹ̀. Èyí tó kéré wà fún hítìn nìkan. Omi ń fẹ̀ bó bá gbóná: tí omi inú hítìn bá jẹ́ lítà 100, láti 10°C dé 80°C, yóò fi nǹkan bí lítà 3 lé. Lítà 3 yẹn gbọ́dọ̀ rí ibi lọ, inú táǹkì kékeré ló ń gòkè sí. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í jẹ́ kí ó kún.

Bí táǹkì kékeré bá ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ láìdábọ̀, kí ẹ fura. Ó lè jẹ́ pé fáàfù tó ń gbà á lómi ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ọ̀pá inú sìlíńdà ti lu. Táǹkì ńlá máa ń ga ju kékeré lọ, nítorí náà omi ìwẹ̀ á máa gba ojú ihò náà ti ara rẹ̀ wọ inú hítìn, yóò sì máa dà jáde nínú táǹkì kékeré. Omi méjì tí kò yẹ kó pàdé ti pàdé nìyẹn. Ẹ má fi omi náà se oúnjẹ títí wọn yóò fi tún un ṣe.

Nínú ọ̀pọ̀ sìlíńdà ni irin iná mànàmáná kan wà, tí wọ́n ń pè ní ìmáṣọ̀n, tó sábà máa ń jẹ́ kílówáàtì 3. Láti gbé lítà omi 120 láti 10°C dé 60°C, kílówáàtì-wákàtí 7 ni yóò ná wa, irin yìí yóò sì lò tó wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ó dára fún ọjọ́ tí bọ́ìlà bá kú. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru nítorí pé kò mọ̀ pé ó wà ní títàn, bílì ni yóò sọ fún un.

Láti 1985 ni òfin ilé kíkọ́ ti fàyè gba sìlíńdà tí kò nílò táǹkì òkè àjà, tó ń gba omi tààrà láti ojú pópó. Omi rẹ̀ le dáadáa nínú ṣáwà. Fáàfù ààbò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, nítorí pé ìfúnpá inú rẹ̀ lè ṣe ìjàǹbá.

5. Ta ló ń pàṣẹ?

Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró ní ìlà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di ẹ̀yà ètò náà kan, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì. A mú ilé tó ní fáàfù onímọ́tò méjì: ọ̀kan fún sìlíńdà, ọ̀kan fún rédíétọ̀.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ lù. Aago ètò sọ pé, “Àkókò omi gbígbóná ti tó.” Kò tíì sí iná kankan tó jó. Iná mànàmáná kọ́kọ́ lọ bá tẹ́mọ́sítáàtì tí wọ́n so mọ́ ara sìlíńdà, lápá ìsàlẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá omi ti dé 60°C. Bí ó bá ti dé, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí kò bá tíì dé, tẹ́mọ́sítáàtì á jẹ́ kí iná kọjá lọ sí mọ́tò fáàfù. Mọ́tò á máa ṣí fáàfù náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ó bá ṣí dé òpin, yóò ti súìṣì kékeré kan tó wà nínú rẹ̀. Súìṣì yìí nìkan ló láṣẹ láti jí páǹpù àti bọ́ìlà. Páǹpù yí, fáànù bọ́ìlà yí, iná ṣẹ́ná, gáàsì gbiná.

Nígbà tí omi bá dé 60°C, gbogbo rẹ̀ á padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ náà: tẹ́mọ́sítáàtì gé iná, sípíríǹgì ti fáàfù padé, súìṣì já, bọ́ìlà kú.

Ti rédíétọ̀ kò yàtọ̀, àfi pé tẹ́mọ́sítáàtì tí ó wà lára ògiri ni wọ́n ń bi léèrè. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ fáàfù kan ṣoṣo tó ní ẹnu mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Tí ìlà yìí bá yé yín, ẹ lè ran púlọ́ḿbà lọ́wọ́ kó tó dé. Ẹ má kàn sọ pé “Hítìn ò ṣiṣẹ́.” Ẹ sọ pé: “Omi ìwẹ̀ ń gbóná, rédíétọ̀ kò gbóná.” Lójú ẹsẹ̀ ló ti mọ̀ pé bọ́ìlà àti páǹpù wà láàyè, pé ọ̀dọ̀ fáàfù rédíétọ̀ tàbí tẹ́mọ́sítáàtì ògiri ni kí òun wò. Owó iṣẹ́ wákàtí kan lè wà nínú gbólóhùn yẹn.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó dé láti ibi iṣẹ́ nínú òtútù á yí tẹ́mọ́sítáàtì ògiri lọ sí 30, ó rò pé ilé á yára gbóná. Kò ní yára. Súìṣì lásán ni tẹ́mọ́sítáàtì. Bó wà ní 20 tàbí ní 30, agbára kan náà ni bọ́ìlà máa fi ṣiṣẹ́. Ohun tí 30 yóò ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí bọ́ìlà dúró nígbà tí ilé bá ti gbóná tó. Lẹ́yìn wákàtí kan, gbogbo wọn á máa ṣí fèrèsé, gáàsì á sì máa jó lọ.

6. Kọ́ḿbì

Ọ̀pọ̀ fúláàtì tí à ń gbé lónìí ni kò ní sìlíńdà tàbí táǹkì. Bọ́ìlà kọ́ḿbì ló ń dá ṣe gbogbo rẹ̀, páǹpù rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, kọ́ḿbì á gbọ́ pé omi ń ṣàn, yóò dá omi rédíétọ̀ dúró, yóò sì darí gbogbo ooru sínú pákó irin pẹlẹbẹ tí omi méjèèjì ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láì pàdé. Òfin omi méjì kò yí padà níbí.

Nítorí pé kò tọ́jú omi pamọ́, ìwọ̀n tó lè mú gbóná lójú ẹsẹ̀ ní òpin. Kọ́ḿbì tó ní kílówáàtì 24, tó ń gbé omi láti 10°C dé 45°C, kò lè mú jáde ju nǹkan bí lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ẹnì kan bá ń wẹ̀ lókè tí ẹlòmíràn sì ṣí omi gbígbóná nísàlẹ̀, méjèèjì ni yóò pín in. Bọ́ìlà kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ.

Lítà omi tó ń fẹ̀ tún gbọ́dọ̀ rí ibi lọ, níwọ̀n bí kò ti sí táǹkì kékeré. Agolo irin kan wà nínú bọ́ìlà tí rọ́bà pín sí méjì, omi lápá kan, afẹ́fẹ́ lápá kejì. Bí omi bá fẹ̀, á fún afẹ́fẹ́ náà mọ́ra. Géèjì tó wà níwájú bọ́ìlà ló ń sọ bí ìfúnpá ṣe wà: láàárín báà 1 sí 1.5 nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tutù. Bó bá dé 3, fáàfù ààbò á tú omi jáde sí ìta.

Bí géèjì bá sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ báà 1, ẹ lè gba omi kún un láti ara ọ̀pá rírọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ bọ́ìlà, kí ẹ sì tì í dáadáa lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n bó bá di ohun tí ẹ ń ṣe ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, omi ń jò níbì kan tàbí afẹ́fẹ́ agolo ti tán. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di àṣà, nítorí omi tuntun ń gbé ọ́síjìn tuntun wọlé, ọ́síjìn ló sì ń jẹ irin rédíétọ̀ run.

7. Rédíétọ̀: afẹ́fẹ́, ìpín àti ìdọ̀tí

Rédíétọ̀ tó gbóná nísàlẹ̀ tó tutù lókè ní afẹ́fẹ́ nínú. Ẹ pa hítìn, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí omi gbígbóná má bàa ta sí yín lójú. Ẹ wá ojú súkúrù onígun mẹ́rin tó wà lókè lẹ́bàá etí rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ sísàlẹ̀, ẹ fi àkísà bo ọwọ́, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yí i sí apá òsì, ìdá mẹ́rin òbírí péré. Ẹ ó gbọ́ “ṣìììì”. Ẹ dúró. Ìró náà á máa pọ̀, á máa tutọ́, lẹ́yìn náà omi á jáde gaara. Ẹ tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má fún un le jù, bàbà rírọ̀ ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà lọ wo géèjì.

Ẹ wo àwọ̀ omi inú abọ́ náà. Bó bá mọ́, ẹ dúpẹ́. Bó bá dúdú bí tàdáwà, irin ń jẹ ara rẹ̀ nínú. Ìdọ̀tí dúdú yẹn ń sinmi sísàlẹ̀ rédíétọ̀, ó ń dènà omi, ó sì ń wọ inú páǹpù. Rédíétọ̀ tó gbóná lókè tó tutù láàárín ìsàlẹ̀ kò nílò kí a tú afẹ́fẹ́. Ìdọ̀tí ni kí a fọ̀. Lóde òní, wọ́n ń fi asẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì sí ọ̀pá tó ń padà sí bọ́ìlà, nítorí pé mágínẹ́ẹ̀tì ń fa ìdọ̀tí irin yìí mọ́ra.

Bí rédíétọ̀ tó sún mọ́ páǹpù bá ń gbóná janjan tí ti yàrá òpin kò sì gbóná, ìpín ni kò dọ́gba. Omi ń gba ibi tó rọrùn. Fáàfù méjì ló wà lẹ́sẹ̀ rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan: èyí tí à ń yí, àti èyí tí wọ́n fi ìdérí bò. Púlọ́ḿbà ń fún èyí tí wọ́n bò pọ̀ lára rédíétọ̀ tó sún mọ́ tòsí, kí omi lè wá ọ̀nà lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Fáàfù olórí onínọ́ńbà, 1 dé 5, ń wo ooru yàrá tirẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà 3 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 20°C. Ẹ má fi í sí yàrá tí tẹ́mọ́sítáàtì ògiri wà. Bó bá ti omi pa, ògiri kò ní gbóná dé ibi tí tẹ́mọ́sítáàtì ń retí, bọ́ìlà kò sì ní dúró.

8. Ìwọ̀n ooru tó yẹ

Nínú sìlíńdà, 60°C ni kí ó wà. Kòkòrò Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó burú, ń bí sí i nínú omi tó wà láàárín 20°C sí 45°C. Ní 60°C, ó ń kú. Ẹni tó bá mú un wá sí 45 nítorí bílì ń fi ilé rẹ̀ wewu. Ṣùgbọ́n omi 60°C lè bó ọmọdé lára láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ìdí nìyí tí fáàfù tó ń po omi tútù mọ́ ọn fi wà. Ní ilé tuntun ní England, omi inú ibi ìwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 48°C.

Ti rédíétọ̀ yàtọ̀. Láti oṣù kẹrin 2005, bọ́ìlà gáàsì tuntun ní England àti Wales gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń gba ooru padà nínú èéfín. Gáàsì tó bá jó ń di oruku omi, tí oruku náà bá sì di omi padà nínú bọ́ìlà, ó ń fi ooru sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní di omi bí omi tó ń padà láti rédíétọ̀ bá gbóná ju nǹkan bí 55°C lọ. Nínú kọ́ḿbì, bí ẹ bá mú omi rédíétọ̀ wá sí 60°C tàbí 55°C, ilé á pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n gáàsì tí yóò jó á dínkù. Ọ̀pọ̀ bọ́ìlà ni wọ́n fi sílẹ̀ ní 75 tàbí 80 láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́, tí kò sì sẹ́ni tó wò ó.

Omi tó jáde láti inú èéfín ń gba ọ̀pá rọ́bà kan lọ síta. Ní òwúrọ̀ tí òtútù bá mú gan-an, ọ̀pá yẹn ń dì, bọ́ìlà á sì kọ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ dà sára rẹ̀, kì í ṣe omi híhó.

9. Èéfín tí kò ní òórùn

Gáàsì tí kò jó dáadáa ń tú kábọ́ọ̀nù mónósáìdì jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani lójú oorun. Orí fífọ́, òyì àti èébì tó ń mú gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń lọ bí wọ́n bá jáde síta, ni àmì rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa gáàsì, ẹ jáde, kí ẹ pe 0800 111 999.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tó rọ́pò ti CORGI ní 1 oṣù kẹrin 2009, nìkan ló láṣẹ láti ṣiṣẹ́ lórí apá tó jẹ mọ́ gáàsì. Ẹ bi í ní káàdì rẹ̀, kí ẹ yí ẹ̀yìn káàdì náà wò: iṣẹ́ tó mọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ìyá wa kan lè wà tó ń gba owó tó kéré. Bí kò bá ní káàdì, ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn.

Òfin sọ pé kí onílé yẹ ẹ̀rọ gáàsì ilé tó fi rẹ́ǹtì wò lọ́dọọdún, kí ó sì fún ayálégbé ní ìwé rẹ̀. Kò lè bínú sí yín nítorí pé ẹ béèrè.

Ìgbéléwọ̀n

1. Omi inú rédíétọ̀ ilé ìyá àgbà kan dúdú. Ẹ̀rù ń bà á pé òun ti ń fi wẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ dá a lóhùn.
2. Lítà mélòó ni páǹpù yóò ta ní ìṣẹ́jú kan bí ilé bá nílò kílówáàtì 6, tí omi sì ń fi ìwọ̀n 20 sílẹ̀?
3. Rédíétọ̀ gbóná, omi ìwẹ̀ tutù, ilé náà sì ní sìlíńdà. Dárúkọ ẹ̀yà méjì tí ẹ ó kọ́kọ́ fura sí, àti méjì tí ẹ mọ̀ pé kò ní ẹ̀bi.
4. Kí nìdí tí táǹkì kékeré òkè àjà kì í fi í kún?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ wá ibi tí nǹkan wọ̀nyí wà nínú ilé yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń ti omi gbogbo ilé, ibi tí wọ́n ti ń ti gáàsì, géèjì, páǹpù, àti fáàfù onímọ́tò bí ó bá wà. Ẹ ka géèjì ní òwúrọ̀ kí hítìn tó tàn, kí ẹ tún kà á nígbà tí ilé bá gbóná, kí ẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà ní kíláàsì. Ẹ tẹ bọ́tìnì àyẹ̀wò lára aláàmù kábọ́ọ̀nù mónósáìdì yín. Bí ayálégbé kan ní England kò bá ní in nínú yàrá tí bọ́ìlà gáàsì wà, tí wọ́n sì ń lo yàrá náà láti gbé, kí ó kọ lẹ́tà sí onílé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí: ó ti di ọ̀ranyàn láti 1 oṣù kẹwàá 2022.